Níbo Lo Sin Ìwọ́ Rẹ̀ Sí?

Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti ń fi búùtù Màíkírà ṣe ibùsùn,
ẹsẹ̀ mi níta, orí mi lábẹ́ àga ẹ̀yìn,
tọ́ọ̀ṣì láàárín eyín.
Ará Yemẹtu ń kọjá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín:
"Ládiméjì, ṣé ìwọ náà ti di ẹrù ni?"

Àlòkù ni ampilifáyà náà, ó wúwo bí búlọ́ọ̀kù.
Agodi Géètì ni mo ti rà á,
ẹni tó tà á fi orí ọmọ rẹ̀ búra,
mi ò sì bi í pé ọmọ mélòó ló bí.

Mo so wáyà pupa mọ́ bátìrì,
mo fi fíùsì sáàárín wọn bí àgbà tó ń parí ìjà.
Mo de wáyà dúdú mọ́ irin abẹ́ àga.
Mo tan rédíò.
Orin ni mo ń retí.
Ẹ̀fọn ló dá mi lóhùn.

Wíììììì.

Mo tẹ tọ́tùù, ẹ̀fọn ń dàgbà.
Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò, ẹ̀fọn padà di ọmọ ọwọ́.

Mùsílíù rewáyà ní bátìrì ló ti gbó.
Mo yá ti ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀fọn ò lọ.
Ó ní sípíkà ló ya.
Mo pààrọ̀ sípíkà, owó ilé ìwé Mopélọ́lá bá a lọ.
Ẹ̀fọn ò lọ.
Ó ní wáyà orin àti wáyà iná ò gbọdọ̀ sùn pọ̀:
mo tú kápẹ́ẹ̀tì, mo gba ọ̀tún fún ọ̀kan, mo gba òsì fún èkejì,
bí ọbàkan tó ń ṣẹjọ́ lórí ilé bàbá wọn.
Ẹ̀fọn rẹlẹ̀ díẹ̀,
bí ẹni tó yà lọ tọ̀, tó ń bọ̀.

Ni Mùsílíù bá nu ọwọ́ sára ṣòkòtò:
"Ọjà yẹn ò dáa. Lọ dá a padà."
Agodi Géètì! Ta ní ń dá ọjà padà níbẹ̀?
Ohun tó bá ti kúrò lórí àtẹ, ọmọ ẹni ni.

Alẹ́ ọjọ́ kejì, ìyá kan wọ ọkọ̀ mi ní Ìdí-Apẹ́,
nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì,
ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi gbẹ̀bí ní Adéọ̀yọ́.
Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé Total Garden.
Ó kàn fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ẹni tó ń gbọ́ ọkàn ọmọ inú.
"Ẹkún yìí," ó ní, "ó ń bá ẹ́ńjìnnì rẹ rìn.
Ẹkún tó bá ń bá ìyá rìn, kì í ṣe ti ọmọ.
Níbo lo sin ìwọ́ rẹ̀ sí?"

Mi ò gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ìyá.
Mi ò sùn dáadáa.

Ilẹ̀ mọ́, mo tú bóòtì abẹ́ àga.
Ọ̀dà.
Ọ̀dà funfun, tó ń dán, kò tilẹ̀ ha.
Orí ọ̀dà ni wáyà dúdú dúró sí láti ọjọ́ yìí,
bí àlejò tó wọ bàtà gun orí ẹní:
ó wọlé, kò fẹsẹ̀ kanlẹ̀.
Mo mú sáńpépà, mo ha á,
mo ha á títí irin fi là sí mi lójú bí kọ́bọ̀ tuntun.
Mo dè é padà, mo fún un pinpin.

Mo tan án.
Obìnrin kan ń ka ìròyìn.
Mo gbọ́ ìgbà tó ṣí ìwé,
mo gbọ́ ìgbà tó gbé itọ́ mì.

Mo wa ọkọ̀ náà gun òkè Mọ̀kọ́lá, mo ń fi ìka lu sítíárìn,
inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n dá láre.
Nínú ìdákẹ́ náà ni mo ti gbọ́ ọ,
lábẹ́, lẹ́yìn, lápá òsì:
gùrù, gùrù, gùrù.
Bíárìn.
Kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Kò bẹ̀rẹ̀ lóṣù yìí.
Ẹ̀fọn ló ń bò ó láṣìírí.

Mo pa rédíò.
Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń wá jáàkì.